Ebi Inú àti Ebi Ọkàn: Àgbéyẹ̀wò Ìmọ̀lára àti Gbígbọ́ Ara Lọ́dọ̀ Àwọn Tó Sanra Jù

Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé lọ́dún 2022, àgbàlagbà bíi 890 mílíọ̀nù ni ìsanrajù ń bá fínra káàkiri ayé, ìyẹn àwọn tí ìwọ̀n BMI wọn, ìṣirò tí wọ́n fi ń wo bí kílò ara ṣe bá gíga ẹni mu, ti tó 30 tàbí tó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Láti ọdún 1990 sí ìgbà náà, ìpín àwọn àgbàlagbà tó sanra jù ti lé ní ìlọ́po méjì, ti àwọn ọmọdé àti ọ̀dọ́ sì ti di ìlọ́po mẹ́rin. Pẹ̀lú bí wọ́n ṣe pọ̀ tó yìí, ìdájọ́ tí ọ̀pọ̀ ń ṣe fún wọn kò kúrò lójú kan: ẹnu wọn kò dúró, wọn kò mọ ìwọ̀n ara wọn, wọ̀bìà ni wọ́n. Ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún tí àwọn onímọ̀ kan ti ń sọ ohun mìíràn. Wọ́n ní ìṣòro ọ̀pọ̀ nínú àwọn èèyàn yìí kò bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu, pé àìgbọ́ ohun tí ara ń sọ dáadáa ni ìpìlẹ̀ rẹ̀, pẹ̀lú àìní ohun mìíràn yàtọ̀ sí oúnjẹ tí wọ́n lè fi pa ìbànújẹ́, ìbínú àti àníyàn rẹ́. Àlàyé yìí ni mo fẹ́ yẹ̀ wò níhìn-ín. Èmi gbà pé òótọ́ wà nínú rẹ̀, òótọ́ tó wúlò fún ìtọ́jú. Àmọ́ apá kan òótọ́ ni. Bí a bá sọ ọ́ di gbogbo òótọ́, pàṣán tuntun la mú fún àwọn tí a ti ń nà tẹ́lẹ̀.

Ohun méjì ni àlàyé náà dúró lé. Àkọ́kọ́ ni kíkápá ìmọ̀lára. Lọ́dún 1998, James Gross ti Yunifásítì Stanford tò ó lẹ́sẹẹsẹ pé ìmọ̀lára ní ìpele tó ń gbà dé, àti pé ibi púpọ̀ wà lójú ọ̀nà tí èèyàn ti lè dá sí i: ó lè yẹra fún ibi tí inú rẹ̀ ti máa ń bàjẹ́, ó lè tún ọ̀rọ̀ náà ṣe, ó lè gbé ojú kúrò, ó lè tún un rò lọ́nà mìíràn, ó sì lè dúró títí ìmọ̀lára á fi dé tán kó tó bò ó mọ́ra bíi pé nǹkan kan kò ṣe é. Iṣẹ́ tí òun àti Oliver John gbé jáde lọ́dún 2003 fi hàn pé ara máa ń tu àwọn tó ń tún ọ̀rọ̀ rò ju àwọn tó ń bò ó mọ́ra lọ. Èkejì ni gbígbọ́ ara, ìyẹn mímọ ohun tó ń lọ nínú ara ẹni: bí ọkàn ṣe ń lù, bí èémí ṣe ń wọlé, bóyá inú ṣófo tàbí ó kún. Charles Sherrington, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Ìlú Ọba, ti kọ̀wé lọ́dún 1906 nípa ẹ̀yà ara tó ń gba irú ìròyìn bẹ́ẹ̀. Lọ́dún 2002, A. D. Craig ṣàlàyé bí ìròyìn náà ṣe ń dé apá kan nínú ọpọlọ tí wọ́n ń pè ní insula, níbi tí ó ti ń di ohun tí èèyàn mọ̀ lára. Ibẹ̀ ni ohun méjèèjì ti pàdé, torí pé inú ara ni ìmọ̀lára ń gbé. Ẹ̀rù a máa mú àyà lù kìkì, ìbànújẹ́ a máa mú ara wúwo, ebi a máa mú inú kùn, àárẹ̀ a máa mú ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rọ. Ẹni tí kò lè ya ọ̀kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì lè pe gbogbo wọn ní ebi, kó sì máa fi oúnjẹ dáhùn ohun tí oúnjẹ kò lè tán.

Ẹni tó kọ́kọ́ gbé èrò yìí kalẹ̀ yékéyéké ni Hilde Bruch, dókítà ọpọlọ tí wọ́n bí ní Jámánì lọ́dún 1904, tó sá kúrò níbẹ̀ nígbà ìjọba Hitler, tó sì di gbajúmọ̀ ní Houston ní Amẹ́ríkà. Nínú ìwé ńlá tó tẹ̀ jáde lọ́dún 1973, ó ní wọn kì í bí ìmọ̀ ebi mọ́ ọmọ. Ìdáhùn ìyá ló ń kọ́ ọ. Bí ebi bá pa ọmọ tó sunkún tí ìyá fún un lóúnjẹ, bí òtútù mú un tí ìyá dáṣọ bò ó, bí ẹ̀rù bà á tí ìyá gbé e mọ́ra, ọmọ náà á kọ́ láti mọ ọ̀kan yàtọ̀ sí èkejì. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ oúnjẹ ni ìdáhùn sí gbogbo ẹkún, ọmọ náà á dàgbà láìmọ ìyàtọ̀. Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣàjèjì nílé Yorùbá. Àwọn olùṣèwádìí tó ṣiṣẹ́ ní Ìpínlẹ̀ Kwárà ní àwọn ọdún 1980 kọ ọ́ sílẹ̀ bí àwọn ìyá ṣe ń rọ ọmọ ní ẹ̀kọ: wọ́n á fi àtẹ́lẹwọ́ ká ẹnu ọmọ, wọ́n á da ẹ̀kọ sí i, ọmọ á sì gbé e mì bó fẹ́ bó kọ̀. Bó bá jẹ́ pé bí Bruch ṣe wí náà ló rí láìkù síbì kan, ìran tí wọ́n rọ lẹ́kọ yẹn ni ìbá sanra jù lọ. Àìjẹunrekánú ni àwọn dókítà ìgbà náà ń bá jà lára àwọn ọmọ ọ̀hún. Ohun tí èyí kọ́ wa ni pé ìyá nìkan kò lè sọ ọmọ di ẹni tó sanra jù; oúnjẹ tó pọ̀ tó sì dùn ní láti wà nítòsí, ara náà ní láti ṣe tán láti tọ́jú ọ̀rá pamọ́. Bruch rí ohun kan tó jẹ́ òótọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀bi tó gbé lé ìyá lórí ti pọ̀ jù.

Àwọn tó fẹ́ fi ìdánwò wádìí èrò náà kò pẹ́ kí wọ́n tó dé. Lọ́dún 1959, Albert Stunkard gbé ìwádìí kan jáde nínú èyí tí wọ́n ti wọn bí inú èèyàn ṣe ń fún pọ̀, tí wọ́n sì ń bi ẹni náà léèrè bóyá ebi ń pa á. Àwọn obìnrin tó sanra jù a máa sọ pé ebi kò pa àwọn nígbà tí inú wọn ń fún pọ̀. Àmọ́ nígbà tí òun fúnra rẹ̀ ṣàkópọ̀ ẹ̀rí lọ́dún 1971, ó hàn pé ìfúnpọ̀ inú kò fi bẹ́ẹ̀ bá ebi tí èèyàn ń rò lára dọ́gba, yálà lára ẹni tó sanra tàbí ẹni tí kò sanra. Ní Yunifásítì Columbia, Stanley Schachter àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé bisikíìtì síwájú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ́dún 1968 bíi pé adùn rẹ̀ ni wọ́n fẹ́ kí wọ́n tọ́ wò. Wọ́n ti kọ́kọ́ fún àwọn kan lóúnjẹ yó, wọ́n sì ti sọ fún àwọn kan pé iná mànàmáná máa tó gbé wọn. Àwọn tí kò sanra jẹ díẹ̀ nígbà tí wọ́n yó tàbí tí ẹ̀rù ń bà wọ́n. Àwọn tó sanra jẹ bí wọ́n ṣe ń jẹ. Schachter parí èrò pé ohun òde, bí òórùn oúnjẹ, ìrísí rẹ̀ àti aago ara ògiri, ló ń darí jíjẹun wọn ju inú wọn lọ. Èrò yìí gbòde títí di ọdún 1981, nígbà tí Judith Rodin ti Yunifásítì Yale yẹ gbogbo ẹ̀rí wò, tó sì fi hàn pé àwọn tí ohun òde ń darí wà nínú àwọn tó rù, nínú àwọn tó wà níwọ̀n àti nínú àwọn tó sanra. Ìsanrajù kì í ṣe irú ìwà kan pàtó. Ó yẹ kí ẹ̀kọ́ yẹn ti parí àríyànjiyàn nípa àwọn tó ń wá ìwà kan ṣoṣo tí gbogbo ẹni tó sanra jọ ń hù, síbẹ̀ ó ṣì ń padà wá lọ́nà oríṣiríṣi.

Ẹ̀rí òde òní fìdí múlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ó kéré ju bí àwọn kan ṣe ń pariwo rẹ̀ lọ. Lọ́dún 1973, Peter Sifneos, dókítà ọpọlọ ní Boston, sọ àìlè pe orúkọ ohun tó ń ṣe ọkàn ẹni ní alexithymia. Nígbà tó di ọdún 1994, àwọn onímọ̀ ní Toronto ti ní ìbéèrè ogún tí wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Ọ̀pọ̀ ìwádìí nílé ìtọ́jú ìsanrajù ló rí i pé máàkì àwọn aláìsàn ibẹ̀ lórí ìbéèrè wọ̀nyí ga ju ti àwọn tí kò sanra, pàápàá lára àwọn tí àìsàn àjẹjù ń bá jà. Ní Jámánì, Beate Herbert àti Olga Pollatos ní kí àwọn èèyàn ka bí ọkàn wọn ṣe ń lù láìfọwọ́kan ara. Àbájáde tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 2014 ni pé àwọn tó sanra ń ṣi í kà ju àwọn yòókù lọ. Lọ́dún 2021, Eric Robinson ti Yunifásítì Liverpool àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó ọ̀pọ̀ irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ jọ, wọ́n sì rí i pé òótọ́ ni pé bí BMI ṣe ń ga ni gbígbọ́ ara ń dín kù, àmọ́ ìsopọ̀ náà kéré. Bí ìsopọ̀ bá kéré báyìí, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ọ̀pọ̀ ẹni tó sanra jù ló ń gbọ́ ara rẹ̀ ketekete, ọ̀pọ̀ ẹni tó rù ni kò sì gbọ́ nǹkan kan. Kíka ìlù ọkàn pàápàá ní àbùkù tirẹ̀: àwọn olùṣèwádìí ní Bẹ́ljíọ̀mù fi hàn lọ́dún 2018 pé bí ọkàn ẹni ṣe ń yára lù àti bí ẹni náà ṣe ń fojú bù ú ń ba máàkì náà jẹ́. Ó sì yẹ ká rántí pé ìlù ọkàn kì í ṣe ebi. Ẹni tó mọ bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń lù lè má mọ ìgbà tó yó.

Lórí jíjẹun nítorí ìmọ̀lára, ẹ̀rí náà ní ẹ̀ka méjì tí kò yẹ ká pò pọ̀. Ẹ̀ka kìíní sọ pé ọ̀nà tí èèyàn ń gbà kápá ìmọ̀lára ṣe pàtàkì ju bí ìmọ̀lára náà ṣe burú tó. Catharine Evers àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Netherlands fi ìdánwò hàn lọ́dún 2010 pé àwọn tí wọ́n ní kí wọ́n bo ìmọ̀lára mọ́ra jẹ ìpápánu adùn ju àwọn tó tún ọ̀rọ̀ rò lọ. Ìbànújẹ́ nìkan kọ́ ló gbé wọn dé ìdí oúnjẹ. Bí wọ́n ṣe ń bò ó mọ́lẹ̀ ló dá kún un. Ẹ̀ka kejì wá láti ọwọ́ Evers kan náà. Nígbà tí òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kó ìdánwò púpọ̀ jọ lọ́dún 2018, wọn kò rí i pé ìbànújẹ́ ń mú kí gbogbo ẹni tó sanra jẹun jù. Àwọn tí wọ́n rí i lára wọn ni àwọn tó ti ń fi agbára ká ara wọn lọ́wọ́ kò nídìí oúnjẹ. Èyí ń sọ pé ṣíṣọ́ oúnjẹ jẹ fúnra rẹ̀ wà lára ohun tó ń fa àjẹjù nígbà ìbànújẹ́. Ó tún yẹ ká ya àìsàn àjẹjù sọ́tọ̀. Láti ọdún 2013 ni àwọn dókítà ọpọlọ Amẹ́ríkà ti fi í sínú ìwé àìsàn wọn gẹ́gẹ́ bí àìsàn tó dá dúró: èèyàn á jẹun rẹpẹtẹ láàárín àkókò kúkúrú, á máa wò ó pé òun kò lè dáwọ́ dúró, ojú á sì tì í lẹ́yìn rẹ̀. Inú àwọn tó ní àìsàn yìí ni ìṣòro ìmọ̀lára ti le jù. Ẹni tó bá mú ohun tó rí lára wọn, tó wá fi ṣe òfin fún gbogbo ẹni tó sanra, ti ṣi ẹ̀rí lò.

Ìbéèrè tó le jù ni pé èwo ló ṣáájú nínú ìṣòro ìmọ̀lára àti ìsanrajù. Ọ̀pọ̀ ìwádìí ló wọn nǹkan méjèèjì lọ́jọ́ kan náà, wọn kò sì lè sọ èyí tó bí èkejì. Nígbà tí wọ́n kó àwọn ìwádìí tó tẹ̀ lé èèyàn fún ìgbà pípẹ́ jọ lọ́dún 2010, ó hàn pé ẹni tó sanra jù ní ewu ìsoríkọ́ tó fi ìdá 55 nínú 100 ju ti ẹlòmíràn lọ, ẹni tó sì ní ìsoríkọ́ ní ewu ìsanrajù tó fi ìdá 58 nínú 100 jù. Ọ̀nà náà ń lọ, ó ń bọ̀. Ìyà ìgbà èwe wà nínú ohun tó ń bí méjèèjì. Vincent Felitti, dókítà ní San Diego, rí i ní àwọn ọdún 1980 pé àwọn tó ń sá kúrò nílé ìtọ́jú ìsanrajù rẹ̀ jẹ́ àwọn tó ń fọn gan-an. Nígbà tó jókòó tì wọ́n, ọ̀pọ̀ sọ fún un pé wọ́n ti fi ipá bá àwọn lò pọ̀ ní kékeré, pé ara ńlá ni ààbò àwọn. Ìwádìí ńlá tí òun àti Robert Anda gbé jáde lọ́dún 1998 fi hàn pé ìyà ìgbà èwe ń mú kí ewu ìsanrajù ga, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe ìlọ́po púpọ̀. Ebi àfọwọ́fà náà ń bí ìṣòro ìmọ̀lára. Ní Minnesota, láti ọdún 1944 sí 1945, Ancel Keys dín oúnjẹ ọkùnrin 36 tí ara àti ọkàn wọn dá ṣáká kù fún oṣù mẹ́fà. Inú wọn bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́, wọ́n ń kanra, oúnjẹ nìkan ni wọ́n ń rò, nígbà tí wọ́n sì padà sí oúnjẹ, àwọn kan ń jẹ títí láìmọ̀ pé àwọn ti yó. Àwọn ọkùnrin yẹn kò ní àbùkù ìmọ̀lára kankan tẹ́lẹ̀. Ebi ló da etí tí wọ́n fi ń gbọ́ ara rú. Ẹ jẹ́ ká wá ro obìnrin tó ti ń ṣọ́ oúnjẹ jẹ láti ìgbà ọ̀dọ́, tó ń fọn tó tún ń sanra padà. Bí wọ́n bá wọ̀n ọ́n lónìí tí wọ́n rí i pé kò mọ ebi yàtọ̀ sí àníyàn, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ìwòsàn tí wọ́n fún un ló sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀.

Ìdẹ́yẹsí náà wà níbẹ̀. Angelina Sutin àti Antonio Terracciano tẹ̀ lé ẹgbẹẹgbẹ̀rún ará Amẹ́ríkà fún ọdún mẹ́rin, wọ́n sì gbé e jáde lọ́dún 2013 pé àwọn tí kò tíì sanra jù ṣùgbọ́n tí wọ́n ti ń dẹ́yẹ sí nítorí ara wọn ní ewu bíi ìlọ́po méjì ààbọ̀ láti di ẹni tó sanra jù. Ẹ̀gàn kò mú ẹnikẹ́ni fọn. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń kọ́ èèyàn láti kórìíra ara tó yẹ kó máa gbọ́, kó má wojú dígí, kó má lọ rí dókítà, kó sì máa bo ìbànújẹ́ mọ́ra níwájú èèyàn títí tó fi máa dá wà pẹ̀lú oúnjẹ.

Àwọn kan á sọ pé ọ̀rọ̀ ọkàn yìí ti pọ̀ jù, pé inú ẹ̀jẹ̀ àti àbùdá ni ìsanrajù wà. Wọ́n ní ẹ̀rí tó dúró. Ìwádìí lórí àwọn ìbejì fi hàn pé apá tó pọ̀ nínú ìyàtọ̀ tó wà láàárín ìwọ̀n ara ẹnìkan sí ẹlòmíràn ló wá láti inú àbùdá. Lọ́dún 1994, ilé ìwádìí Jeffrey Friedman ní New York ṣàwárí leptin, họ́mónù tí ọ̀rá fi ń ránṣẹ́ sí ọpọlọ pé oúnjẹ ti tó. Lọ́dún 1999, Sadaf Farooqi, Stephen O'Rahilly àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Cambridge fún ọmọ kan tí ara rẹ̀ kò lè ṣe leptin ní abẹ́rẹ́ rẹ̀, ọmọ tí ebi kì í fi sílẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ ní ìkóra-ẹni-níjàánu. Iṣẹ́ tí a kò rán tẹ́lẹ̀ la wá rán. Mo gba ẹ̀rí yìí tọwọ́tẹsẹ̀, mo sì rò pé ó ran àlàyé mi lọ́wọ́. Gbígbọ́ ara nílò ẹni tó ń gbọ́ àti ohùn tó ń sọ. Bí ohùn náà bá ti yí padà láti orísun rẹ̀, kò sí bí etí ṣe lè ya tó tí yóò gbọ́ ọ bó ṣe yẹ. Oorun nìkan tó láti yí i padà: ní Yunifásítì Chicago lọ́dún 2004, òru méjì péré tí àwọn ọ̀dọ́kùnrin fi sun wákàtí mẹ́rin mẹ́rin mú kí leptin wọn fi ìdá 18 nínú 100 lọ sílẹ̀, ghrelin tó ń pe ebi sì fi ìdá 28 gòkè. Òṣìṣẹ́ Èkó tó ń jáde nílé kí ilẹ̀ tó mọ́, tí sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ ń gbé wọlé lóru, ń gbọ́ ara tí àìsùn ti mú ohùn rẹ̀ yí padà.

Oúnjẹ fúnra rẹ̀ náà lè bo ohùn àyó mọ́lẹ̀. Kevin Hall gba èèyàn 20 sí ilé ìwòsàn ìjọba Amẹ́ríkà, ó sì fún wọn ní oúnjẹ tí ilé iṣẹ́ ti pò pọ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, àti oúnjẹ tí kò gba irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀ kọjá fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí oníkálùkù jẹ bó ṣe wù ú. Àbájáde ọdún 2019 ni pé nígbà tí wọ́n ń jẹ oúnjẹ ilé iṣẹ́, wọ́n jẹ nǹkan bí 500 kálórì lójúmọ́ ju ìgbà tí wọ́n ń jẹ oúnjẹ kejì lọ. Àwọn èèyàn kan náà ni, oúnjẹ ni ó yí. Ìwádìí kan sì wà tó kan ilẹ̀ wa gan-an. Amy Luke, Richard Cooper àti àwọn olùṣèwádìí Yunifásítì Loyola fi àwọn obìnrin Igbó-Ọrà ní Ìbàràpá wé àwọn obìnrin Adúláwọ̀ ní Maywood lẹ́bàá Chicago. Àwọn ti Maywood sanra ju àwọn ti Igbó-Ọrà lọ fíìfíì, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ṣírò agbára tí wọ́n ń lò lójúmọ́ ní ìbámu pẹ̀lú ìwọ̀n ara, kò yàtọ̀ púpọ̀. Ó jọ pé ìyàtọ̀ wà nínú ohun tó wà lórí àtẹ, iye tí wọ́n ń tà á àti bó ṣe ń yí èèyàn ká tọ̀sán tòru. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Ẹni tó bá ń wá orísun ìsanrajù nínú ọkàn nìkan á fi ọ̀nà mẹ́ta sílẹ̀ láìtọ̀.

Àtakò kejì wà tí a máa ń gbọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, ní mọ́sáláṣí àti lẹ́nu àwọn àgbà: gbogbo èyí jẹ́ àwáwí, kí èèyàn mọ̀wọ̀n ara rẹ̀ ló kù. Mo bọ̀wọ̀ fún ìwà mímọ̀wọ̀n, ó sì wúlò. Ṣùgbọ́n ìwà kì í dá ṣiṣẹ́ láìsí ara. Ní Melbourne, Priya Sumithran àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mú èèyàn 50 tó sanra wọnú ètò oúnjẹ tó mọ níwọ̀n gidigidi fún ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá. Àbájáde ọdún 2011 ni pé odindi ọdún kan lẹ́yìn náà, họ́mónù tó ń pe ebi ṣì wà lókè, ebi sì ń pa wọ́n ju ìgbà tí wọn kò tíì fọn lọ. Ẹni tí a ní kó mọ̀wọ̀n yìí ń bá ara tó ń pariwo ebi jà lójoojúmọ́. Ẹni tó rù tó ń bẹnu àtẹ́ lù ú kò ní irú ariwo bẹ́ẹ̀ nínú. Láti máa pe ìyàtọ̀ yìí ní ìwà rere àti ìwà búburú jẹ́ àìṣòdodo.

Ó wá ku ìtọ́jú: ṣé kíkọ́ èèyàn láti gbọ́ ara àti láti kápá ìmọ̀lára ń ràn án lọ́wọ́? Christy Telch, Stewart Agras àti Marsha Linehan gbìyànjú rẹ̀ lọ́dún 2001 pẹ̀lú obìnrin 44 tí àìsàn àjẹjù ń bá jà. Wọ́n kọ́ apá kan nínú wọn bí a ṣe ń dá ìmọ̀lára mọ̀, bí a ṣe ń fara dà á láìsá fún un, àti bí a ṣe ń wò ó títí yóò fi kọjá. Nígbà tí ẹ̀kọ́ parí, ìdá 89 nínú 100 àwọn tí wọ́n kọ́ ti dáwọ́ àjẹjù dúró. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà ó ṣẹ́ ku ìdá 56. Kílò wọn kò dín kù lọ́nà tó ṣe é tọ́ka sí. Irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ló ṣẹlẹ̀ ní San Francisco, níbi tí Jennifer Daubenmier àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti fi jíjẹun pẹ̀lú ìfọkànsí kún ètò oúnjẹ àti eré ìdárayá fún apá kan nínú àgbàlagbà 194. Lẹ́yìn oṣù 18, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe kọ ọ́ lọ́dún 2016, ìyàtọ̀ kílò tó wà láàárín wọn àti àwọn yòókù kò tó ohun tí a lè fọwọ́ sọ̀yà pé ẹ̀kọ́ náà ló fà á. Àwọn kan á ka èyí sí ìkùnà. Lójú tèmi, òun ni ẹ̀rí tó ṣe kókó jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí. Ẹni tó dáwọ́ àjẹjù dúró, tó ń sùn láìsí ìtìjú lọ́kàn, tó mọ ìgbà tí ebi ń pa á àti ìgbà tí inú rẹ̀ bàjẹ́, ti rí ìwòsàn gbà, òṣùwọ̀n ì báà yẹ̀ kó má yẹ̀.

Wọ́n á tún bi wá pé kí la ń wá nínú ọkàn nígbà tí abẹ́rẹ́ àti iṣẹ́ abẹ ti dé. Lóòótọ́, ìwádìí ńlá tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 2021 fi hàn pé àwọn tó gba abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń pè ní semaglutide fún ọ̀sẹ̀ 68 pàdánù ìdá 14.9 nínú 100 ìwọ̀n ara wọn, nígbà tí ti àwọn tó gba abẹ́rẹ́ lásán jẹ́ 2.4. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń lò ó ń sọ pé ìrònú oúnjẹ tí kì í jẹ́ kí wọ́n sinmi ti pa rọ́rọ́. Ẹ̀rí ńlá ni èyí pé ohun tí à ń pè ní àìníwà lè jẹ́ ọ̀rọ̀ họ́mónù. Síbẹ̀, ọdún kan lẹ́yìn tí wọ́n dáwọ́ rẹ̀ dúró, ìdá méjì nínú mẹ́ta ohun tí wọ́n sọ nù ti padà. Ní ti iṣẹ́ abẹ, ìwádìí ọdún 2012 rí i pé àwọn tí ọtí ti di ìṣòro fún gòkè láti ìdá 7.6 nínú 100 kí wọ́n tó ṣe é sí 9.6 ní ọdún kejì. Lára ohun tó fà á ni pé inú tí wọ́n ti gé kúrú ń yára gba ọtí sí ẹ̀jẹ̀. Ṣùgbọ́n ó tún yẹ ká bi ara wa pé kí ni ẹni tó ti ń fi oúnjẹ tu ọkàn rẹ̀ lára yóò máa fi tù ú nígbà tí a bá gba oúnjẹ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Oògùn lè dín ebi inú kù. Ìbànújẹ́ tí kò ní ibi tí yóò gbà jáde ṣì wà níbẹ̀.

Nílẹ̀ wa, ọ̀rọ̀ yìí ní ohun méjì tó yẹ ká fiyè sí. Àkọ́kọ́ ni pé àwọn ìbéèrè tí wọ́n fi ń wọn ìmọ̀lára jẹ́ èyí tí wọ́n kọ́kọ́ kọ fún àwọn ará Kánádà àti Amẹ́ríkà. Láti ọdún 1960, nígbà tí Raymond Prince kọ̀wé nípa àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà tí ìwé kíkà ń dà láàmú, tí wọ́n sì ń kédàárò pé orí ń gbóná, pé nǹkan ń rìn káàkiri nínú rẹ̀, ni àwọn dókítà ti mọ̀ pé ara ni ọ̀pọ̀ nínú wa fi ń sọ ohun tó ń ṣe ọkàn. Ẹni tó bá fi ìbéèrè Toronto wọn irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò mọ ohun tó ń ṣe é, nígbà tó ti sọ ọ́ tán. Èkejì ni pé ohùn méjì ló ń bá ẹni tó sanra sọ̀rọ̀. Nílé ayẹyẹ wọ́n á ní ara rẹ̀ ti yọ, pé ìtọ́jú ń wọ̀ ọ́ lára. Nílé ìwòsàn wọ́n á kígbe mọ́ ọn pé ó fẹ́ pa ara rẹ̀. Ìyìn àti èébú ló ń gbọ́, kò sì sí ẹni tó bi í bó ṣe ń ṣe é. Àwọn obìnrin ìlú ńlá ni èyí ń dé bá jù, àwọn tó ń gbọ́ bùkátà ilé, tó ń jẹun kẹ́yìn lálẹ́, tí wọ́n sì ti kọ́ láti kékeré pé obìnrin rere a máa mú nǹkan mọ́ra.

Ìdájọ́ mi rèé. Ìṣòro gbígbọ́ ara àti kíkápá ìmọ̀lára wà lóòótọ́ lára apá kan nínú àwọn tó sanra jù, ó sì le jù lára àwọn tí àìsàn àjẹjù ń bá jà. Kì í ṣe òun ni gbòǹgbò gbogbo ìsanrajù, ọ̀pọ̀ ìgbà ni ó sì jẹ́ pé ìyà èwe, ebi àfọwọ́fà, àìsùn àti ẹ̀gàn ló bí i. Nítorí náà ó yẹ ká tọ́jú rẹ̀ nítorí tirẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ìrora tó ń jẹ èèyàn, láìdúró de ìgbà tí òṣùwọ̀n bá sọ pé ó ti tó. Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì àti dókítà, kí ẹ tó bi aláìsàn yín pé kí ló jẹ, ẹ bi í pé kí ló ń ṣe é kó tó jẹun, ẹ bi í bó ṣe ń sùn, kí ẹ sì wá ẹni tó mọ̀ nípa àìsàn àjẹjù fún un bí ó bá nílò rẹ̀. Ẹ̀yin òbí, nígbà tí ọmọ bá sunkún, ẹ wádìí ohun tó ń ṣe é kí ẹ tó wá oúnjẹ sí i lẹ́nu; bó bá sì ní òun yó, ẹ gbà á gbọ́. Ẹ̀yin tí ìsanrajù ń bá fínra, ẹni tó bá bú yín kò ní ẹ̀rí sáyẹ́ǹsì kankan lọ́wọ́. Ẹ wá ìtọ́jú fún ara, ẹ wá a fún ọkàn pẹ̀lú, ẹ má sì gbà fún ẹnikẹ́ni tó ní kí ẹ kórìíra ara yín kí ẹ tó lè rí ìwòsàn.